Ẹ má fi "ẹ ṣá máa dúpẹ́" dé ẹni tó yè nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lẹ́nu

"Ṣé kò sí eegun tó ṣẹ́?" Ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó yè nínú ìjàǹbá ọkọ̀ nìyẹn. Tó bá ní kò sí, a ó ní orí ló kó o yọ, a ó bá a ṣe ìdúpẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò màmá mi kan ń ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ bọ̀ láti Èkó gbókìtì nítòsí Ṣágámù. Ọgbẹ́ kékeré kan lápá òsì ni wọ́n gbé wálé. Lẹ́yìn oṣù méjì, èmi àti wọn jọ wọkọ̀ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Ìjókòó ẹ̀yìn la wà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni ń tẹ búrẹ́èkì. Tírélà kan fun fèrè, wọ́n di ọwọ́ mi mú, àmì èékánná wọn wà lára mi títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ṣá máa dúpẹ́." Wọn ò dáhùn. Ìgbà tí mo wá bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ń sùn lóru?" ni wọ́n bú sẹ́kún. Ó ti pẹ́ tí oorun ti dá lójú wọn. Gbogbo wa la ti ní kí wọ́n dúpẹ́, ta ni wọn ì bá sọ fún?

Àlá burúkú àti àyà jíjá kì í ṣe nǹkan àjèjì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi dandan mú ẹni náà sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìjàǹbá náà, pé kí inú rẹ̀ lè fúyẹ́. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti lé ní oṣù kan tí kò tíì lọ, ó ti di ohun tó ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹni tó bá ń sọ pé ikú yá ju kí òun wà láàyè, ẹ má dúró de oṣù kankan, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọdé lè má rí i sọ rárá, kó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé.

Paraga kì í wò ó. Oògùn oorun tí a dédé rà ní kẹ́míìsì náà kì í wò ó, ó sì lè di bárakú.

Àwọn kan á ní àwọn ò ní tọ títì márosẹ̀ mọ́ láéláé. Bí a bá ṣe ń sá fún un tó ni ẹ̀rù náà ń ga sí i. Síbẹ̀, ẹ má tì í wọkọ̀ tipátipá o. Díẹ̀díẹ̀ ni onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn máa ń bá èèyàn ṣe é: ẹ lè kọ́kọ́ jókòó nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, kí ẹ tó wá yí àdúgbò po. Ó sábà máa ń gba ìpàdé 8 sí 12 pẹ̀lú onímọ̀ náà, nítorí náà ẹ má pa á tì lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì.

Orúkọ Aró, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, ló ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù, wọ́n rò pé wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀ tí wọ́n ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà pọ̀. Ẹni tí Abẹ́òkúta bá sì jìnnà sí, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Pásítọ̀ tàbí àlùfáà lè máa gbàdúrà lọ. Àdúrà ò dí dókítà lọ́wọ́.

Àǹtí mi ti ń lọ Èkó rajà padà báyìí. Ìjókòó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣì máa ń yàn.