Ìbàdàn ni mo náwó sí, Kàdúná ni fáìlì ìlú wa wà

Ọkùnrin tí ó gba owó lọ́wọ́ mi, tí ó sì sọ fún mi pé iná ti jó fáìlì ìlú wa, ni ó mú kí n kọ ìrírí yìí. Irọ́ ni ó pa. Fáìlì náà wà láìjóná, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣí i, mo sì ti da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kọ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìdí rẹ̀, oṣù méje ti kọjá, ₦45,000 ti bọ́ sí àpò ẹlòmíràn, mo sì ti jókòó níwájú àwọn àgbà ìlú láti tú ìròyìn òfo fún wọn.

Ìlú kékeré ni ìlú wa, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò sì jìnnà sí Ajáṣẹ́-Ìpo. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wa ń ṣàkójọ ìtàn ìlú, wọ́n sì yàn mí pé kí n wá ìròyìn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ nípa wa nígbà tí wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe bu owó orí fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ bu owó orí ní láti ka agbo ilé, kí ó kọ orúkọ baálé sílẹ̀, kí ó wádìí ohun tí à ń gbìn àti ọjà tí à ń ná, kí ó sì béèrè ibi tí a ti ṣí wá. Fún ìlú tí kò sí ọ̀mọ̀wé kankan tí ó kọ ìwé nípa rẹ̀, ìṣúra gidi ni irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí National Archives, ni wọ́n ń kó irú ìwé wọ̀nyí pa mọ́ sí. Ọdún 1954 ni ìjọba dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí Ọ̀mọ̀wé Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn, ti yẹ àwọn ọ́fíìsì ìjọba wò káàkiri tí ó sì rí ipò tí ìwé àtijọ́ wà nínú wọn. Èmi mọ̀ pé ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ìmọ̀ mi kò sì kọjá ibẹ̀. Nítorí pé Èkó ni iṣẹ́ mi wà, mo wá ẹnì kan tí ó máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ìwé kiri. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìpamọ́ náà. Aláàárín lásán ni.

Ó kọ́kọ́ gba ₦20,000, lẹ́yìn oṣù méjì ó tún gba ₦25,000, ó ní ìwé náà pọ̀ ju bí òun ti rò lọ. Nígbà tí ó kó ẹ̀dà wá, mo ka gbogbo rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ Ìlá-Ọ̀ràngún ni, láti inú àkójọ tí wọ́n ń pè ní Oyo Prof, ìyẹn ìwé ọ́fíìsì ẹkùn Ọ̀yọ́, orúkọ ìlú wa kò sì jẹ yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nínú lẹ́tà kan lórí ọ̀rọ̀ ààlà. Mo pè é, mo béèrè èyí tí ó jẹ́ tiwa gan-an. Ó dáhùn láìṣiyèméjì pé iná ti jó ìyókù tipẹ́tipẹ́. Ó dùn mí dé ọkàn. Mo lọ sílé, mo sọ fún àwọn àgbà, bàbá kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún sì mi orí, ó ní, “A jẹ́ pé ohun tí àwọn baba wa sọ fún òyìnbó ti bá èéfín lọ nìyẹn.” Mo gba irọ́ náà gbọ́, mo sì gbé e lọ fún àgbàlagbà. Títí di òní, inú mi kò tíì yọ́ sí ẹni tí ó pa á.

Olùkọ́ ìtàn kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó là mí lójú. Mo ń ráhùn fún un, ó sì jẹ́ kí n sọ tán kí ó tó béèrè pé, “Ọmọ mi, nígbà ayé òyìnbó, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni ìlú yín wà ni, àbí abẹ́ Ìlọrin?” Mo ní abẹ́ Ìlọrin ni. Ó ní, “Kí ni o wá lọ ń wá ní Ìbàdàn?”

Ìbéèrè yẹn ni ì bá kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ti dá ìjọba Àríwá sílẹ̀ ní 1900 ni wọ́n ti ka Ìlọrin mọ́ ọn, púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ìgbómìnà sì bá Ìlọrin lọ, nígbà tí Ìlá àti àwọn ìlú tí ó yí i ká wà ní apá Ọ̀yọ́. Bákan náà ni ìwé wọn ṣe pín. Nígbà tí ilé ìpamọ́ ìwé dé, ìwé àwọn ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, bí Ọ̀yọ́, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, ni wọ́n kó sí Ìbàdàn. Ti Ìlà-Oòrùn lọ sí Enugu. Ti Àríwá, pẹ̀lú ìwé ẹkùn Ìlọrin, sì lọ sí Kàdúná. Èdè tí à ń sọ kọ́ ni wọ́n fi pín ìwé, ọ́fíìsì tí ó kọ ọ́ ni. Lóòótọ́, ìwé ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà ti Èkó, tí wọ́n fi CSO ṣe àmì rẹ̀, wà ní Ìbàdàn, ènìyàn sì lè rí ọ̀rọ̀ Ìlọrin nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n aláàárín yẹn kò wo ibẹ̀ pàápàá.

Mi ò ní í fi lẹ́tà ìfinimọni, ọkọ̀ ojú irin láti Abuja àti ilé tí mo sùn sí dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo dé Kàdúná, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé atọ́ka fáìlì fún mi. Àkójọ méjì ni olùkọ́ náà ti ní kí n béèrè: Ilorprof, ìyẹn ìwé ọ́fíìsì ẹkùn Ìlọrin, àti SNP, ìyẹn ìwé akọ̀wé àgbà fún gbogbo Àríwá.

Odindi ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni mo fi wá orúkọ ìlú wa tí n kò rí i. Àyà mi já. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ iná. Orúkọ wa ní ṣ nínú, mo sì ń wá a bí mo ti mọ̀ ọ́n kọ. Àwọn akọ̀wé ìgbà náà kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀, wọn kò sì fi àmì sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ṣ lè di sh lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ó di s méjì lọ́wọ́ ẹlòmíràn: wọ́n kọ Ṣààrẹ́ ní Share, wọ́n kọ Ajáṣẹ́ ní Ajasse. Mo kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ wa sílẹ̀, ó sì di oríṣi mẹ́fà. Síbẹ̀ pàbó ni. Òṣìṣẹ́ kan ni ó wá sọ fún mi pé àwọn ajẹ́lẹ̀ kì í sábà fi orúkọ ìlú kékeré sí ara fáìlì, orúkọ àgbègbè ni wọ́n ń lò. Mo padà sínú ìwé atọ́ka náà, mo wá orúkọ àgbègbè wa, kò sì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi rí i.

Nígbà tí wọ́n gbé fáìlì náà wá, ewé rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, etí rẹ̀ sì ń rún. N kò béèrè ẹ̀dà, nítorí ẹ̀rọ lè bà á jẹ́. Mo jókòó, mo sì fi ọjọ́ méjì dà á kọ. Ní ojú ewé kẹsàn-án ni mo ti bá agbo ilé wa pàdé, tí akọ̀wé náà kọ orúkọ rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, pẹ̀lú orúkọ baálé tí mo mọ̀ nínú oríkì wa nìkan. Mo gbé gègé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. N kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan tí ó wú mi lórí tó ìyẹn.

Ká ní mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, n kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni kí n tó mọ abẹ́ ẹkùn tí ìlú mi wà ní ọdún tí mo ń wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé fáìlì ti jóná tàbí ó ti sọnù, n ó ní kí ó fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn mí nínú ìwé atọ́ka.

Mo ti ka ìròyìn náà sí etí àwọn àgbà. Bàbá tí ó sọ̀rọ̀ èéfín ní kí n tún orúkọ àwọn baálé kà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún méjì ṣe nínú wọn bí wọ́n ti ń pè é gan-an. A ti kọ nọ́ńbà fáìlì náà sí iwájú ìwé ìpàdé ẹgbẹ́. Aláàárín yẹn ní òun yóò dá ìdajì owó náà padà. Mo ṣì ń retí rẹ̀.