Bó o ṣe máa fi ojú ara ẹ rí àwọn òṣùpá tó ń yí Júpítà ká

Gbogbo wa la kọ́ ọ níléèwé pé òṣùpá ń yí ayé ká, ayé ń yí oòrùn ká, àmọ́ mélòó nínú wa ló ti rí nǹkan tó ń yí nǹkan míì ká lójú sánmà? Ó ṣeé rí o! Báínókúlà kan, ìwé, bírò, àti sùúrù ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀.

Kọ́kọ́ wá Júpítà, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kan tóun náà ń yí oòrùn ká. Ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ lọ, kì í sì í ṣẹ́jú bíi tiwọn. Má jẹ́ kí Àgùàlà tàn ẹ́ ṣá, torí òun mọ́lẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ inú tiwa ni ọ̀nà tí Àgùàlà ń gbà yí oòrùn ká wà, kì í jìnnà sí oòrùn, torí náà a kì í rí i àfi ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ìdájí. Tó o bá wá rí ìmọ́lẹ̀ ńlá lókè ní ọ̀gànjọ́ òru, tí kò ṣẹ́jú, tí kò sì pupa, Júpítà nìyẹn. Àsìkò kan wà tó máa ń bá oòrùn rìn tá ò ní rí i rárá, kó o ṣáà dúró dè é.

Báínókúlà tí wọ́n kọ 10x50 sí lára ti tó. Ibi tó ti máa ń bà jẹ́ rèé: ọwọ́ máa ń gbọ̀n, tọ́wọ́ bá sì ń gbọ̀n o ò ní rí ju ìmọ́lẹ̀ tó ń jó lọ. Fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ògiri, mí jẹ́jẹ́, jẹ́ kí òkùnkùn mọ́ ojú ẹ lára. Díẹ̀díẹ̀ lo máa rí i, Júpítà rógódó láàárín, àwọn àmì tíntìntín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n tò gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn.

Mẹ́rin tó tóbi jù lára àwọn òṣùpá Júpítà nìyẹn: Io, Europa, Ganymede àti Callisto. Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, rí mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1610, ó rò pé ìràwọ̀ lásán ni, àmọ́ nígbà tó tún wò wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kejì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kóra wọn sápá ìwọ̀ oòrùn Júpítà, ìyẹn ló jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàyéfì.

Ya róbótó kan sórí ìwé, fi àmì síbi tí kálukú wà, kọ ọjọ́ àti aago sí i. Lọ́la, ní aago kan náà, ya òmíì sábẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kó o máa ṣe lálaalẹ́ tí ìkùukùu ò bá bolẹ̀. Tó o bá rí mẹ́ta péré, ojú ẹ kọ́ o, ọ̀kan lè wà lẹ́yìn Júpítà tàbí kó máa kọjá níwájú ẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ la ti ń wò wọ́n, bí ẹni tó ń wo etí àwo.

Io tó sún mọ́ ọn jù nínú mẹ́rin yìí ń fi wákàtí 42 yí i ká, Europa ọjọ́ mẹ́ta ààbọ̀, Ganymede ọjọ́ 7, Callisto nǹkan bí ọjọ́ 17. Ṣó o rí i pé èyí tó sún mọ́ ọn ló ń sáré jù? Júpítà ń fà á mọ́ra gan-an, tí kò bá sáré bẹ́ẹ̀ ṣe ló máa já lù ú. Ṣíṣubú ni gbogbo wọn ń ṣubú, eré tí wọ́n ń sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ò jẹ́ kí wọ́n balẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni òṣùpá tiwa.

Callisto lèmi fẹ́ràn jù, òun ni àmì tó máa ń lọ jìnnà jù nínú àwòrán ẹ, tó o bá sì yà á dé nǹkan bí alẹ́ kejìdínlógún, wàá rí i tó padà síbi tó o ti kọ́kọ́ bá a.