Ìrírí mi nídìí alpha-synuclein, purotéènì ọpọlọ tí omi gbígbóná kì í bà jẹ́

Alpha-synuclein pọ̀ gan-an nínú ọpọlọ èèyàn, pàápàá níbi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń ránṣẹ́ sí èkejì. Amino acid (àwọn ẹyọ tí a fi ń to purotéènì) 140 péré ló so pọ̀ di odidi rẹ̀, jíìnì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní SNCA, sì wà lórí krómósómù kẹrin. Lọ́dún 1997, àwọn onímọ̀ rí i pé ìyípadà kan ṣoṣo nínú jíìnì yìí, A53T (amino acid ipò 53, alanine, ló di threonine), ló ń fa àrùn Parkinson nínú àwọn ìdílé kan tó wá láti Ítálì àti Gíríìsì. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n tún rí i pé purotéènì yìí gan-an ló dì sínú àwọn ohun kéékèèké tó ń jẹ́ Lewy body, èyí tó máa ń wà nínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn náà.

Wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe, ìyẹn wíwo bó ṣe ń dì di fọ́nrán, kò fẹ́ ohun tí mi ò mọ ìtàn rẹ̀. Mo fẹ́ mọ gbogbo ohun tó là kọjá kó tó dé ọwọ́ mi, ni mo bá pinnu pé èmi fúnra mi ni màá ṣe é. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èèyàn. Ti eku ilé yàtọ̀ sí tiwa ní ibi méje, ipò 53 yẹn sì wà lára wọn: ohun tó ń fa àrùn fún èèyàn níbẹ̀ ni eku ń gbé kiri lára láìsí wàhálà.

Bakitéríà E. coli irú BL21(DE3) ni mo lò, tí jíìnì èèyàn wà nínú rẹ̀ lórí plasmid pT7-7, ìyẹn òrùka DNA kékeré tí bakitéríà lè gbé. Mo fi ampicillin, oògùn tó ń pa bakitéríà, sínú oúnjẹ wọn kí èyí tí kò bá gbé plasmid má lè dàgbà. Mo ń mì wọ́n ní 37°C títí OD600, ìwọ̀n bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nínú omi náà, fi dé 0.6, mo fi IPTG, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì náà, sí i, mo sì fún wọn ní wákàtí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, mo fi sẹ́ńtífúújì, ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan kíákíá kí èyí tó wúwo lè lọ sísàlẹ̀, kó wọn jọ. Ibí yìí kò le rárá.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ló tẹ̀ lé e. Mo pò wọ́n mọ́ búfà Tris pH 8 tó ní EDTA àti PMSF, torí PMSF ni kì í jẹ́ kí àwọn enzyme gé purotéènì wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo sì fi sonicator, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì ìró fọ́ nǹkan, fọ́ wọn lórí yìnyín. Ohun tó jáde ki, ó sì ń fà nítorí DNA tó wà nínú rẹ̀. Mo wá gbé e sínú omi tó ń hó fún ogún ìṣẹ́jú.

Àyà ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ purotéènì tipẹ́ lè já tó bá gbọ́ èyí, torí orí yìnyín la ti ń tọ́jú wọn. Ọ̀pọ̀ purotéènì ló ká lọ́nà tirẹ̀. Bí ooru bá kàn wọ́n, kíká náà á tú, wọ́n á wá lẹ̀ mọ́ra gbagidi bíi funfun ẹyin tí a sè. Alpha-synuclein ní tirẹ̀ kì í ká tó bá dá wà nínú omi, nítorí náà kò sí ohun tí ooru máa tú lára rẹ̀. Ìrù rẹ̀ tún kún fún amino acid tó ní iná òdì, wọ́n sì ń ti ara wọn dànù. Mo dúró ti ike náà, mò ń wò ó. Kò pẹ́ tó fi funfun, tó ń dì ní ṣíṣù-ṣíṣù. Nígbà tó jáde nínú sẹ́ńtífúújì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tó nípọn ló wà nísàlẹ̀, omi orí rẹ̀ sì tòrò kedere. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú purotéènì bakitéríà náà. Tèmi wà nínú omi tó tòrò.

Mo fi streptomycin sulfate, 10 mg nínú mL kan, rẹ DNA sílẹ̀, mo fi ammonium sulfate kó purotéènì jọ, mo sì fi dialysis (àpò tí iyọ̀ lè gbà jáde, tí purotéènì kò lè gbà jáde) yọ iyọ̀ náà kúrò mọ́jú. Ó wá kan kọ́lọ́ọ̀mù Q, ọ̀pá kan tí ohun tó kún inú rẹ̀ ní iná tó yàtọ̀ sí ti òdì. Ní pH 8, iná òdì ló wà lára alpha-synuclein, kọ́lọ́ọ̀mù yìí sì ń di irú wọn mú. Mo ń fi iyọ̀ kún búfà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé nǹkan bí 300 mM ló jáde. DNA náà ní iná òdì, ẹ̀yìn ló sì máa ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi apá tó jáde kẹ́yìn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé purotéènì ṣì wà níbẹ̀. Ó sàn kó dín ju kó ní àbàwọ́n lọ.

Tí ẹ bá gbé e sórí SDS-PAGE, ìyẹn jẹ́ẹ̀lì tó ń to purotéènì ní ìwọ̀n wọn lẹ́yìn tí ọṣẹ SDS bá ti lẹ̀ mọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù pé nǹkan bí 17 tàbí 18 kDa ló dúró sí. 14.46 kDa ni ìwọ̀n rẹ̀ gangan, mass spectrometry, ọ̀nà tó ń wọn mólékúlù gan-an, sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ìrù tó ní iná òdì yẹn kì í jẹ́ kí SDS lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Wíwọn iye rẹ̀ pẹ̀lú ń fẹ́ ìfarabalẹ̀: kò ní tryptophan kankan, tyrosine mẹ́rin ló ní, nítorí náà 5960 ni mo fi ń ṣírò iye ìmọ́lẹ̀ tó ń fà mu ní 280 nm. 1 mg nínú mL kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 0.41 lọ. Bí DNA díẹ̀ bá ṣẹ́kù, yóò sọ iye náà di irọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo 260 nm, níbi tí DNA ti ń fa ìmọ́lẹ̀ mu jù, kí n tó gba nọ́ńbà kankan gbọ́.

Ìgbésẹ̀ tí mo kà sí jù lọ ni sísẹ́ ẹ gba inú fíltà 100 kDa kí n tó gbé e sí fíríìsà. Fọ́nrán tó ti wà tẹ́lẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, yóò máa fa àwọn yòókù mọ́ra. Mo pín in sínú ike kéékèèké, mo fi náítírójìn olómi dì í wìì, mo sì tọ́jú rẹ̀ sí −80°C. Ike tí mo bá ti yọ́, mi ò dì í padà mọ́.

Thioflavin T ni mo fi dán an wò, àwọ̀ kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í tó nǹkan àfi tó bá lẹ̀ mọ́ fọ́nrán. Ní 37°C, pẹ̀lú mímì, ìlà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ náà hàn kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ gbalaja, ó gùnkè, ó tún tẹ́jú. Mo fi fọ́nrán díẹ̀ tí mo ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ kún ọ̀kan lára àwọn kòtò inú àwo tí mo fi dán an wò; kò dùbúlẹ̀ rárá, kíá ló gùnkè. Èyí tó dùbúlẹ̀ pẹ́ nínú àwọn kòtò yòókù ló jẹ́ kí n mọ̀ pé purotéènì mi mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́nrán wọ̀nyí, pàápàá bí ẹ bá ń fi sonicator fọ́ wọn. Ẹ́tánọ́ọ̀lù kì í pa wọ́n run. SDS 1% ni mo fi ń nu tábìlì àti irinṣẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ da purotéènì yìí sórí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ endotoxin, ohun tó wà lára bakitéríà tó máa ń da sẹ́ẹ̀lì láàmú, kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, endotoxin ni sẹ́ẹ̀lì náà máa dá lóhùn.

Ohun kan ṣì kù tí bakitéríà nìkan kò lè ṣe: nínú ọpọlọ wa, acetyl, ìyẹn àfikún kẹ́míkà kékeré kan, máa ń wà lórí amino acid àkọ́kọ́ rẹ̀. Plasmid mìíràn tó gbé NatB (enzyme tó ń fi acetyl síbẹ̀) ti ìwúkàrà S. pombe ni wọ́n ń fi kún un kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, òun ni mo sì ń ṣe lọ́wọ́ báyìí.