Búrọ́ọ̀ṣì ló ń dà mí láàmú, kì í ṣe omi

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń bú omi tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tí mo bá fi ọ̀pá gígùn tó ń gbé omi lọ sí búrọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀ fọ fèrèsé òkè tán, bó bá ti gbẹ báyìí, àmì funfun kéékèèké á yọ lójú gíláàsì. Mo fi mítà wọn ìwọ̀n ohun tó yòrò sínú omi (ppm, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù): 0 ppm. Omi mọ́ tónítóní!

Ìgbà tí mo sọ ọ̀pá kalẹ̀ ni mo tó rí i. Irun náílọ́nù búrọ́ọ̀ṣì mi ti ya síta bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó kàn ń yọ̀ lórí ìdọ̀tí ni.

Mo ra èyí tí wọ́n po irun ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ náílọ́nù. Ó ń ha ìgbẹ́ ẹyẹ tó ti gan dáadáa, àmọ́ ó wúwo tó bá mu omi, apá mi jẹ́rìí. Fèrèsé tí mo ń fọ̀ déédéé, náílọ́nù tuntun ti tó o. Níbi tí omi bá ti ń ṣù bí ìgbà tó wà lórí ewé kókò, mo máa ń gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò lára gíláàsì kí n tó ṣan án. Férémù òkè ni mo sì ń kọ́kọ́ fọ̀ báyìí, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ti ń kán wálẹ̀.