Bí Mo Ṣe Tọ́ Wísíkì Skọ́tlándì Wò Kí N Tó Yan Ìgò Kan fún Bàbá

Àbúrò bàbá mi tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde yóò pé ẹni 70 ọdún nínú oṣù Kejìlá tó ń bọ̀. Àwọn ni wọ́n sanwó ilé-ìwé mi lẹ́yìn tí bàbá tó bí mi kú, Bàbá náà ni mo sì ń pè wọ́n. Nígbà tí mo bi wọ́n lórí fóònù pé kí ni kí n mú bọ̀ láti Glasgow, wọ́n ní, "Ìgò wísíkì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tí ìwọ fúnra rẹ tọ́ wò, tí o sì lè sọ ìdí tí o fi mú un fún mi." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé iye owó tí wọ́n kọ sára ìgò ni màá fi yàn án.

Ọdún kẹfà mi rèé nílùú yìí, síbẹ̀ wísíkì tí mo mọ̀ kò ju èyí tí à ń mu lóde òwàm̀bẹ̀ lọ, tí a ti da yìnyín àti kóòkì sí. Àwọn ìgò tó gbajúmọ̀ lóde wa wọ̀nyẹn, Johnnie Walker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àpòpọ̀ ni wọ́n: ọtí láti ilé ìpọntí púpọ̀ ni wọ́n dà pọ̀, kí adùn rẹ̀ má bàa yí padà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá ni èyí tí wọ́n ń pè ní single malt, ìyẹn ọtí ilé ìpọntí kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé ọkà báálì tí wọ́n mú hù nìkan ni wọ́n fi pọn ọ́n.

Ẹni tó bá ti rí àwọn ìyá wa níbi tí wọ́n ti ń pọn ọtíkà ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Wọ́n á rẹ ọkà bàbà sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Skọ́tlándì ń ṣe ọkà báálì. Ẹni tó bá sì ti dé ibi tí wọ́n ti ń se ògógóró mọ ìdajì tó kù: wọ́n á gbé ọtí tó ti kan kaná, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á wá máa kán tó-tó-tó. Irin bàbà pupa ni wọ́n fi ṣe ìkòkò tiwọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì sábà máa ń sè é. Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni àgbá. Òfin wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní wísíkì Skọ́tlándì àfi tó bá ti sùn nínú àgbá igi óákù fún ó kéré tán ọdún 3 lórí ilẹ̀ náà, agbára rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 40% lọ.

Òfin kan náà, ti ọdún 2009, dárúkọ agbègbè ọtí márùn-ún: Lowland lápá gúúsù, Highland lókè, Speyside létí odò Spey, ìlú Campbeltown, àti erékùṣù Islay, tí àwọn onílé ń pè ní Áílà. Mo ní tí mo bá tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, màá mọ èyí tó yẹ Bàbá. Mo ra ìgò kéékèèké 5cl mẹ́rin: Auchentoshan 12 ti Lowland, Glenlivet 12 ti Speyside, Oban 14 ti Highland àti Laphroaig 10 ti Islay; nọ́ńbà ẹ̀yìn orúkọ ni iye ọdún tí ọtí náà lò nínú àgbá. Ti Campbeltown ló yọ mí lẹ́nu. Springbank 10 ni mo fẹ́, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo dé tí wọ́n ní ó ti tán. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Iléṣà tó ti ń gbé ibí láti ìgbà tí mo ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní ìgò kan tó ku ìdajì nílé. Wọ́n ní tí mo bá gbà kí àwọn wá jókòó tì mí, àwọn á gbé e wá.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí a kọ́kọ́ dá kò ṣeé lò. Mo ti din ata lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ò tíì bọ́ kóòtù tí wọ́n fi sọ pé, "Àbúrò, ata yìí á bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀ o." Mo rò pé wọ́n ń ṣe àsọdùn. Mo da Auchentoshan díẹ̀ sínú ife, mo gbé e símú, ata rodo àti àlùbọ́sà ni mo gbọ́. A jẹ ìrẹsì, a ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀, a sì sún iṣẹ́ náà sí ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, kó má dáná ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó má sì fín lọ́fínńdà sára. Imú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ahọ́n kàn ń jẹ́rìí ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyàwó mi ló bá wa bu ọtí, a ò wò ó. Ife tí a fi ń wọn oògùn ọmọ ló lò, 15ml fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ó sì lẹ nọ́ńbà mọ́ abẹ́ ife kí a má bàa mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ife náà ní ikùn tó fẹ̀ àti ọrùn tó sún pọ̀, kí òórùn lè kó jọ sókè. Ohun kan ṣoṣo tí mo sọ fún un ni pé kó gbé Laphroaig sẹ́yìn pátápátá, nítorí èéfín rẹ̀ kì í jẹ́ kí ahọ́n gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Omi wà lórí tábìlì, búrẹ́dì lásán náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi ọkọ̀ wọn sílé, bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ wá. Láti ọdún 2014 ni òfin Skọ́tlándì lórí ọtí àti ọkọ̀ wíwà ti le ju ti ìlú Ọba yòókù lọ, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ lásán lè kó èèyàn sí wàhálà.

Mo ti tẹ ìwé kan jáde tí àwọn òyìnbó kọ àpèjúwe adùn sí. Heather wà níbẹ̀, gooseberry wà níbẹ̀. Mi ò jẹ ọ̀kankan rí. Ẹ̀gbọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dojú ẹ̀ dé. Wọ́n ní, "Ohun tí ìwọ ti jẹ rí ni kí o sọ. Má sì ki imú bọ̀ ọ́ bí ẹni ń fa áṣáà. La ẹnu díẹ̀, kí o jẹ́ kí òórùn náà wá bá ọ." Mo ṣe bẹ́ẹ̀, iná tó ń ta mí nímú sì rọlẹ̀. Mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn pé mímu àkọ́kọ́ kò sọ nǹkan kan ju pé ọtí ni; ìkejì ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí èèyàn fi ṣíbí kán omi díẹ̀ sí i, kó tún gbọ́ ọ. Òórùn tó fara pamọ́ á gbéra.

Ife àkọ́kọ́ fúyẹ́. Ọsàn wẹ́wẹ́, bísíkíìtì, àti òórùn ẹ̀pà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ìkejì dùn jù ú lọ díẹ̀: ápù, ọ̀pẹ̀yìnbó, oyin lẹ́yìn ẹnu. Mo kọ Speyside sí àkọ́kọ́, mo kọ Lowland sí ìkejì. Mo ṣi méjèèjì. Auchentoshan ni ti àkọ́kọ́, wọ́n sì máa ń sè é lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀mejì, ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Glenlivet ni ìkejì. Ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ti sọ ìtàn kan tí mo fẹ́ràn. Kí òfin ọdún 1823 tó mú kí gbígba ìwé àṣẹ rọrùn tó dé, inú àfonífojì àti ẹ̀yìn òkè ni ọ̀pọ̀ ará Highland ti ń sè é ní bòńkẹ́lẹ́, nítorí owó orí. Ọdún 1824 ni George Smith gba ìwé àṣẹ ní Glenlivet, inú sì bí àwọn tó ń sè é lábẹ́lẹ̀ ládùúgbò náà débi pé ìbọn ìléwọ́ méjì ló ń gbé kiri láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló padà wá fòfin de ògógóró nílẹ̀ wa, tí àwọn bàbá wa àgbà fi ń sá wọ inú igbó pẹ̀lú ìkòkò wọn. Ó dùn mí pé ọtí tiwọn kúrò nínú igbó bọ́ sí orí tábìlì ọba, nígbà tó jẹ́ pé tiwa ṣì ń jà fún orúkọ rere.

Ife kẹta ló kọ́kọ́ mú mi dákẹ́. Èèyàn á gbọ́ èèpo ọsàn, á gbọ́ iyọ̀, lẹ́yìn náà á gbọ́ èéfín tó jìnnà, bíi pé wọ́n ń dáná ní agboolé kejì. Oban ni, 43%, láti ìlú etí òkun tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Wọ́n ti ń sè é níbẹ̀ láti ọdún 1794.

Ìkẹrin ni Springbank, 46%. Kò rọrùn láti júwe. Òórùn ọ́ìlì tó mọ́ ló kọ́kọ́ jáde, bí ìgbà tí mẹkáníìkì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí agolo tuntun. Tí mo kán omi sí i, àgbọn jáde, iyọ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n mi fún ìgbà pípẹ́. Ilé ìpọntí náà ló ń mú gbogbo ọkà rẹ̀ hù fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, wọ́n á máa fi ṣọ́bìrì yí i, irú iṣẹ́ tí àwọn tó pọ̀ jù ti fi sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ ńlá. Wọn kì í fi àwọ̀ sí i. Èyí ṣe pàtàkì, torí òfin gbà kí wọ́n fi kárámẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ṣúgà tí wọ́n sun, pa wísíkì láró, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí ọtí tó pọ́n kó rò pé ó ti gbó.

Ìkarùn-ún kò nílò nọ́ńbà. Ìyàwó mi gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ní, "Ẹ fẹ́ gbé Dettol fún Bàbá?" Òórùn ilé ìwòsàn wà lára Laphroaig lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹja yíyan, ẹja yíyan gan-an, pẹ̀lú adùn díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Igi kò pọ̀ ní Islay. Ohun tí wọ́n ń dá níná látijọ́ ni píìtì, ìyẹn koríko àti ewé tó ti jẹrà mọ́ abẹ́ omi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù kí wọ́n tó sá a. Èéfín iná píìtì ni wọ́n fi ń gbẹ ọkà tó ti hù, ó máa ń wọ èèpo ọkà nígbà tó ṣì tutù, kì í sì í jáde mọ́, kódà lẹ́yìn sísè ẹ̀ẹ̀mejì àti ọdún 10 nínú àgbá. Ọ̀nà kan náà ni ẹja orí ààrò ń gbà gba èéfín.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí, pé agbègbè kọ̀ọ̀kan ti sọ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní rárá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbé ìgò kéékèèké méjì wá, wọ́n ní kí n sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ọ̀kan dà bíi kéèkì ìgbéyàwó tiwa, èyí tó dúdú, tí wọ́n ti rẹ èso gbígbẹ sínú bùrándì. Èkejì rọ̀, ẹ̀pà àti iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sí èéfín. Mo ní Highland ni méjèèjì. Èkejì, Bunnahabhain 12 ni, láti Islay, erékùṣù Laphroaig gan-an! Ọkà tí kò gba èéfín ni wọ́n sábà fi ń pọn ọ́n. Àkọ́kọ́ sì ni Glenfarclas 10. Wọ́n kọ Highland sára ìgò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àárín Speyside ló wà, ìtòsí Glenlivet. Àgbá tó ti gbé wáìnì Sherry ti Sípéènì rí ló fún un ní kéèkì yẹn, àgbá tó ti gbé bourbon, wísíkì ti Amẹ́ríkà, rí ló sì pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn onílé ìpọntí Skọ́tlándì. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè nípa ìgò ni bí wọ́n ṣe gbẹ ọkà rẹ̀ àti ohun tí àgbá rẹ̀ ti gbé tẹ́lẹ̀. Orúkọ agbègbè lè dúró dìgbà tó bá yá.

Mo ṣì ń rò ó láàárín Oban àti Glenfarclas nígbà tí mo lọ sùn. Lówùúrọ̀, ìyàwó mi fẹ́ fọ àwọn ife, títí kan ti Laphroaig tí Ẹ̀gbọ́n fi kádìí àṣálẹ́. Mo ní kó dúró ná. Mo gbé wọn símú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti gbẹ. Inú ife Glenfarclas ń rùn bí àpótí aṣọ. Ti Bunnahabhain fẹ́rẹ̀ẹ́ má rùn mọ́. Mo gbé ti Laphroaig. Dettol ti lọ. Ohun tó kù ni eérú tó tutù, èéfín tó ti wọ ògiri, àti ẹja, bí ààrò tó wà lẹ́yìnkùlé Màmá Àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣe ń rí ní ìdájí, kí wọ́n tó tún koná sí i. Ẹja tí wọ́n ń rà ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń yan níbẹ̀ tí wọ́n fi ń tọ́ àwọn ọmọ wọn. Bàbá ni àbíkẹ́yìn wọn, àwọn ló sì máa ń ṣẹ́ igi ààrò náà kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo lọ ra ìgò ńlá rẹ̀. Ó ti wà nínú báàgì ìrìnàjò mi báyìí, mo fi bùbá méjì wé e.