Kẹ́ ẹ tó ju ìwọ̀ sódò ní Washington, ẹ gbọ́ ti odò Elwha

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìpínlẹ̀ Washington, mo mọ̀ pé ẹja tútù ń wù yín, odò sì pọ̀ níbí lóòótọ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn gbé ìwọ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹni tó bá ti pé ọdún 15 gbọ́dọ̀ ní láìsẹ́ǹsì, tó bá sì jẹ́ irú ẹja tí wọ́n ń pè ní sálmọ́nì lẹ fẹ́ pa, káàdì kan tún wà tẹ́ ẹ máa gbà, tẹ́ ẹ bá ti mú ẹja tẹ́ ẹ máa gbé lọ báyìí, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa kọ ọ́ sí i, kì í ṣe tẹ́ ẹ bá délé o. Ẹ tún wo lẹbẹ kékeré tó wà lẹ́yìn ẹja nítòsí ìrù. Tí wọ́n bá ti gé e, ẹja tí wọ́n sìn tú sódò ni, tó bá ṣì wà níbẹ̀, lọ́pọ̀ ibi ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà sómi láàyè.

Èyí tó ká mi lára jù nìyí. Ẹ máa rí àwọn onílẹ̀, àwọn tó ti wà níbí kí òyìnbó tó dé, tí wọ́n ń fi àwọ̀n pa sálmọ́nì níbi tí ẹ̀yin ò gbọ́dọ̀ ta àwọ̀n sí. Mo ti gbọ́ tí ọmọ wa kan ń pè é ní ojúsàájú. Kì í ṣe ojúsàájú rárá! Láyé 1854 sí 1856 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà, ilẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, wọn ò fi ẹja sílẹ̀. Síbẹ̀ àwọn agbófinró ń mú wọn torí ẹja. Billy Frank Jr., ọmọ Nisqually, ìyẹn ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ yìí, ọmọ ọdún 14 péré ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un ní 1945, ó sì lé ní ìgbà 50 tí wọ́n mú un, kó tó di pé Adájọ́ George Boldt dájọ́ ní 1974 pé ìdajì ẹja tó ṣeé pa, tiwọn ni.

Elwha wá ńkọ́? Orí òkè Olympic ló ti ń ṣàn bọ̀, bíi máìlì 45, kó tó wọ òkun nítòsí Port Angeles, odò àwọn Klallam ni, ẹ̀yà onílẹ̀ míì. Wọ́n parí dáàmù kan sórí ẹ̀ ní 1913, ìkejì ní 1927, wọn ò ṣe ọ̀nà tí ẹja máa gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ òkè odò ni sálmọ́nì ń lọ yé ẹyin sí, ó wá há sí bíi máìlì márùn-ún ìsàlẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ibi tí àwọn Klallam gbà pé Ẹlẹ́dàá ti dá wọn gan-an, omi dáàmù bò ó mọ́lẹ̀. 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó dáàmù méjèèjì, wọ́n parí ẹ̀ ní 2014, ilẹ̀ mímọ́ yẹn sì tún yọ síta. Láti 2011 yẹn náà ni wọ́n ti fòfin de ẹja pípa níbẹ̀ kí ẹja lè rọ́nà padà, àwọn Klallam fúnra wọn kó àwọ̀n wọn sílẹ̀ fún ọdún 12, October 2023 ni wọ́n tó pa coho, irú sálmọ́nì kan, díẹ̀ fún ayẹyẹ àti fún jíjẹ.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n ní ká má pa ẹja lódò kan, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ máa wo òfin odò tẹ́ ẹ ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gan-an, torí ó lè yí láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹja ọbẹ̀ lẹ̀ ń wá, ẹ ra á lọ́wọ́ àwọn apẹja onílẹ̀ tó ń tà á, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ fi rìsíìtì náà sọ́dọ̀ kúlà tí ẹja wà nínú mọ́tò, torí wọ́n lè dá yín dúró kí wọ́n bi yín pé níbo lẹ ti rí i.