Bí a ṣe ń wọn ìbú apá ẹyẹ àti ti bàálù

Ìbú apá ni àyè tí ó wà láti ṣóńṣó apá ọ̀tún dé ṣóńṣó apá òsì nígbà tí méjèèjì bá nà tán, tí a wọ̀n ní ìlà tààrà gba orí ara kọjá. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ ni pé ènìyàn á wọn apá kan láti ìdí ejìká, á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, á sì gbàgbé ara tí ó wà láàrin. Ara yẹn wà nínú ìṣirò, ì báà ṣe ẹyẹ, ì báà ṣe bàálù.

Ẹyẹlé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó máa ń fara balẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá fún un mọ́lẹ̀. Kí ẹnì kan gbé e dání, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè, kí ó sì rọra pa apá òsì mọ́ ara, kí ẹnì kejì wá na apá ọ̀tún síta. Eegun iwájú apá ni kí ó dì mú, kì í ṣe ìyẹ́, nítorí pé ìyẹ́ tí a bá fà lè yọ, ẹyẹ náà kò sì ní lè fò dáadáa títí òmíràn yóò fi hù. Ìgúnpá á kọ́kọ́ nà, ọrùn-ọwọ́ á tẹ̀ lé e, àwọn ìyẹ́ gígùn á sì ṣí bí abẹ̀bẹ̀. Ibi tí oríkèé bá ti dúró fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe fà á kọjá ibẹ̀. Ẹ fi òdo rúlà sí àárín eegun ẹ̀yìn, ẹ ka iye tí ó wà níbi ìyẹ́ tí ó jìnnà sí ara jù, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá rí sẹ̀ǹtímítà 33.5, ìbú apá rẹ̀ jẹ́ 67, èyí tí ó bọ́ sáàárín 62 sí 72 tí a mọ̀ mọ́ ẹyẹlé ìgboro. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé bí apá bá ká díẹ̀, iye á yí.

Ṣóńṣó apá ọ̀pọ̀ bàálù máa ń ga ju ìdí rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá tẹ́ tépù lé orí apá yóò rí iye tí ó ju òtítọ́ lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, ẹ ju okùn tí irin wúwo wà lẹ́nu rẹ̀, irú èyí tí bíríkìlà fi ń wo ìdúró ògiri, sílẹ̀ láti ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀, kí ẹ wá wọn àárín àmì méjèèjì. Cessna 172, bàálù kékeré kan, yóò fún yín ní nǹkan bíi mítà 11.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ṣóńṣó apá náà tẹ̀ sókè. Boeing 737-800, bàálù ńlá tí ń kó èrò, tí kò ní irú ṣóńṣó bẹ́ẹ̀ jẹ́ mítà 34.3, èyí tí ó ní i sì jẹ́ 35.8. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ìbú apá ni wọ́n fi ń pín bàálù sí ìsọ̀rí ní pápákọ̀ òfúrufú, ìsọ̀rí tí 737 wà kò sì gba apá tí ó bá tó mítà 36. Nítorí irú òfin yìí ni ilé-iṣẹ́ Boeing ṣe ṣe ṣóńṣó apá bàálù rẹ̀ 777X kí ó lè ká, tí ìbú rẹ̀ fi ń ti mítà 71.8 bọ̀ sí 64.8 nílẹ̀, kí ó lè wọ àyè tí kò gba mítà 65.

Nígbà tí ẹ bá ti ní ìbú, ẹ fi ìbú náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ojú apá pín in; iye tí ẹ bá rí ni yóò fi hàn bí apá náà ṣe gùn tó sí bí ó ṣe fẹ̀. Ti Cessna yẹn jẹ́ 121 tí a fi mítà onígun mẹ́rin 16.2 pín, ìyẹn nǹkan bíi 7.5. Ti Concorde, bàálù tí a kọ́ fún eré sísá, kò tó 2. Ti albatross, ẹyẹ òkun tí ó lè rà bàbà fún wákàtí púpọ̀ láìju apá, súnmọ́ 15. Ní ti ẹyẹlé yín, ẹ tẹ́ apá tí ó nà sórí ìwé tí a fi ìlà pín sí àpótí onígun mẹ́rin kéékèèké, ẹ fi pẹ́ńsù yí i ká, ẹ ka àwọn àpótí náà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì fi ojú ẹ̀yìn tí ó wà láàrin apá méjèèjì kún un.